Orin Tí Mo Rà ní Ilé Kọfí

Ẹ̀rù ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú òyìnbó yìí, kí n tó mọ orúkọ àdúgbò tí mo ń gbé. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Bí wọ́n bá pè, tí wọ́n béèrè pé báwo ni nǹkan, màá ní a dúpẹ́, òtútù ló kàn pọ̀ díẹ̀. Òtútù kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Ọ̀sì tí mo ti wá, èèyàn kì í jí láìgbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Ẹnì kan á máa gbálẹ̀, ẹnì kan á máa pe ọmọ, ẹni tó ń kọjá lọ sóko á kí yín láti ìta láìtilẹ̀ rí yín. Níbí, mo lè jí, kí n wẹ̀, kí n múra, kí n rìn dé ibi iṣẹ́, kí ó sì jẹ́ pé ohùn tèmi ni ohùn èèyàn tí màá kọ́kọ́ gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo ń fọ aṣọ nínú yàrá tí mo háyà, mo sì ń kọrin, bí mo ti máa ń ṣe nílé. Wọ́n lu ògiri. Mo rò pé wọ́n ń kan ìṣó ni. Nígbà tó yá, ọkùnrin tó ń gbé yàrá kejì wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó fi ìka sí ètè rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà lọ. Kò bínú. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, mo ń retí ọlọ́pàá. Ìwé mi sì pé, mi ò sì jalè. Láti ọjọ́ náà mi ò kọrin mọ́. Bí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará wa ní òpin oṣù, ètè mi ni mo kàn ń mì.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni láti tọ́jú ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Dọ́rísì. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń se ọ́ọ̀tì tó ń jẹ láàárọ̀ fún un, mo ń fún un ní oògùn, mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ojú fèrèsé kí ó lè rí àwọn ẹyẹ. Etí rẹ̀ ti wúwo. Mi ò lè pe ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ lásán, nítorí náà “Mà” ni mo ń pè é, òun náà á sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wọlé.

“Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀yin ni, Mà.”

“Orúkọ mi ni Dọ́rísì. Àbí o ti gbàgbé?”

Kò sí wáífáì nínú ilé rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ohun tí òun kò lè fojú rí nínú ilé òun. Dátà tí mo bá rà kì í pẹ́ lórí fóònù mi. Nítorí náà, bí Dọ́rísì bá ti sùn lọ́sàn-án, mo máa ń kọjá sí òdìkejì títì, sí ilé kọfí kan tó wà níbẹ̀, mo máa ń ra tíì tó kéré jù, màá sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti fi wáífáì wọn bá ilé sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo máa ń rò pé wọ́n ń wò mí, pé wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe tíì ni mo bá wá. Kíá ni mo máa ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí Káyọ̀dé, àbúrò mi, pè láti ilé ìwòsàn ní Ìlọrin.

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” Mi ò tilẹ̀ dá a lóhùn ìkíni.

“Kò tíì sí nǹkan. Yèyé ni. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó wá ní òun kò wọ yàrá iṣẹ́ abẹ mọ́.”

Yèyé ni ìyá wa. Kókó kan ló wà níkùn rẹ̀, dókítà sì ti sọ pé bí wọn kò bá tètè yọ ọ́, á dí ìfun rẹ̀ pa. Ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi mú un kúrò ní Ọ̀sì dé Ìlọrin.

“Ṣebí ó ti gbà tẹ́lẹ̀.”

“Ó gbà. Ó kàn ń béèrè pé ta ló máa sin òun dé ẹnu ọ̀nà.”

Mo mọ ohun tó ń wí. Nínú ilé wa, bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ síbi tí ẹ̀rù wà, a kì í jẹ́ kó jáde ní ìdákẹ́. Ìbáà jẹ́ aboyún tó ń rọbí lọ sílé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń rìnrìn àjò, orin la fi ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, àkọ́bí obìnrin ló sì gbọ́dọ̀ dá a. Àwọn tó kù á gbè é. Yèyé ni àkọ́bí obìnrin nílé bàbá tirẹ̀, ó sì mú àṣà náà wá sílé wa. Èmi ni àkọ́bí tirẹ̀.

“Jẹ́ kí ìyàwó rẹ dá orin,” ni mo sọ.

“Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyàwó mi kọ́ ni àkọ́bí òun, àti pé ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tó fẹ́ òróró.”

“Ó sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀?”

“Ìyàwó mi ló ń bọ́ ọ ní ẹ̀kọ nígbà tó sọ ọ́.”

Ó gbé fóònù fún Yèyé. Mo gbọ́ ìmí rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì kúrú ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ.

“Ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, mà. Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀.”

“Mi ò bá dókítà jà. Ṣé wàá dá orin fún mi àbí o ò ní dá a?”

“Màá dá a, mà.”

“Orin ìkórè yẹn. Èyí tí mo fi sìn ọ́ jáde ní ulé. Bí o bá dá a, màá wọlé. Bí o ò bá dá a, kí wọ́n gbé mi padà sí Ọ̀sì.”

“Mo gbọ́, mà. Àárọ̀ ọ̀la.”

Nígbà tí fóònù padà sọ́wọ́ Káyọ̀dé, mo la ẹnu láti fi orin náà dánra wò lábẹ́lẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ jáde: *Ilẹ̀kùn wà níwájú, mi ò mọ ohun tó wà nínú ilé.* Lẹ́yìn èyí, kò sí nǹkan kan. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ibì kan náà ló tún já sí. Ojú gbogbo ènìyàn tó wà níjọ́ tí mo jáde nílé ń wá sí mi lọ́kàn, mo rí aṣọ tí Yèyé wọ̀, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń là tó ń pa dé, ṣùgbọ́n kò sí ohùn níbẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà kò jọ ti ọlọ́pàá tàbí ti ẹni tó lu ògiri. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan àpò rẹ̀ lọ́jà tí ó sì bá a ní òfìfo.

“Káyọ̀dé, báwo ni orin yẹn ṣe lọ?”

“Ègbè nìkan ni mo mọ̀, Àǹtí. *Ìwọ ṣáájú, Olúwa, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.* Gbogbo wa, ègbè la mọ̀. Ẹ̀yin obìnrin lẹ ni lílé.”

Òótọ́ ni. Ẹni tó ń dá orin nìkan ló mọ ìyókù. Mi ò sì lè bi Yèyé. Bó bá mọ̀ pé mo ti gbàgbé orin tó fi sìn mí, á yí ojú sí ògiri ni, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun mọ́.

“Ẹ dúró ná,” ni Káyọ̀dé wí. “Ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa kó àwọn orin inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ jọ, wọ́n gbé e síbi tí wọ́n ti ń ta orin. Owó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń fi í wá.”

“Rà á kí o fi ránṣẹ́ sí mi.”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí? Kò lè gbé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun lẹ máa rà á. Wọn kì í sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ o. Kódà àlùfáà rà á.”

Ó ti fi ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ kí ìpè náà tó já. Mo wo fóònù mi, iná rẹ̀ ti fẹ́ tán, àmì pupa ti yọ. Mi ò ra orin bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nílé, ọkùnrin kan wà lábẹ́ agboòrùn nítòsí ọjà Ọ̀sì, Súlè, tó ní kọ̀ǹpútà. Bí o bá fẹ́ orin, wàá gbé fóònù rẹ fún un pẹ̀lú owó, wàá sọ orin tí o fẹ́, wàá sì bá tìrẹ lọ sínú ọjà. Nígbà tí o bá fi ra ata àti ẹja tán, orin ti wà nínú fóònù. Kò sẹ́ni tó ń dúró ti Súlè. Bí o bá dúró tì í, á bi ọ́ pé ṣé o rò pé òun máa jí i ni.

Ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Mo gbé fóònù lọ bá obìnrin tó ń ta kọfí, tí wọ́n kọ Jẹ́nì sí àyà aṣọ rẹ̀, mo gbé owó lé e, mo fi ojú ìwé orin náà hàn án, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orin yìí sí i. Mo ń bọ̀.” Mo sì jáde lọ ra búrẹ́dì Dọ́rísì. Ó pè mí láti ẹ̀yìn. Mo rò pé ó ń dúpẹ́ ni, mo juwọ́ sí i.

Nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú búrẹ́dì, Jẹ́nì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló dúró sípò rẹ̀.

“Fóònù mi,” ni mo wí.

“Fóònù wo?”

“Mo fún obìnrin ibí. Fún orin.”

Ó wò mí. Ó wo búrẹ́dì ọwọ́ mi. “Kọfí la ń tà níbí. A kì í ta orin.”

“Ó gbà á lọ́wọ́ mi.”

“O fún un ní fóònù rẹ, o sì lọ?”

Bó ti sọ ọ́ ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ṣe. Nọ́ńbà Káyọ̀dé, nọ́ńbà ilé ìwòsàn, gbogbo rẹ̀ wà nínú fóònù yẹn, mi ò sì mọ ọ̀kankan lórí. Mo rí Yèyé tó dùbúlẹ̀ ní Ìlọrin tó ń retí. Mo rí wọn tí wọ́n ń gbé e padà sínú ọkọ̀ lọ sí Ọ̀sì. Àwọn tó wà nídìí tábìlì ti gbójú sókè. Ohùn mi ti ròkè láìmọ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi, mo rò pé ó fẹ́ pe ọlọ́pàá, mo sì tún ń rò pé kí ó pè wọ́n.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Jẹ́nì jáde, ó ti wọ kóòtù òtútù rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sílé.

“Ìwọ rèé,” ni ó wí. “Mo pè ọ́, o kàn ń juwọ́ sí mi.” Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ kọfí, ó fa fóònù mi jáde pẹ̀lú wáyà. “Mo rí i pé iná rẹ̀ ti fẹ́ tán, mo bá ọ fi sí iná. Owó rẹ rèé. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.”

Iná fóònù ti pọ̀ sí i. Kò sí orin nínú rẹ̀.

Mo jókòó. Jẹ́nì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ lọ́rùn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Súlè, agboòrùn rẹ̀, Yèyé, orin, ẹnu ọ̀nà. Òyìnbó mi kò tó, mo sì ń fọwọ́ ya àwòrán sórí tábìlì. Ó gbọ́ ọ tán.

“Ìwọ fúnra rẹ lo máa rà á,” ni ó wí. “Lórí fóònù yìí náà. Tẹ ibí. Fi nọ́ńbà káàdì báǹkì rẹ síbí.”

Ẹ̀rù mìíràn tún dé. Ìyá Bọ́lá, ará Èrúkù tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ tẹ káàdì mi sórí wáífáì ìta gbangba, pé wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀ gbá gbogbo owó iṣẹ́ ẹnì kan lọ. Mo sọ ọ́ fún Jẹ́nì. Ó ní Ìyá Bọ́lá kò parọ́, kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì àgádágodo wà lókè ojú ìwé náà. Ó wà níbẹ̀. Jẹ́nì yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tú ìborùn mi, mo fi bo ara mi àti fóònù, bí ẹni tó ń fi omi gbígbóná fín imú, mo sì tẹ àwọn nọ́ńbà náà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo yọ orí jáde, orin náà ti di tèmi. Owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì tí mo rà.

Lójú ìwé náà wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n kọ *Orin Ìkórè*, wọ́n sì kọ síwájú “ẹni tó dá orin” pé a kò mọ̀ ọ́n. Mo gbé fóònù mọ́ etí. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo ìjọ, bẹ́ǹṣì tó ń han, ewúrẹ́ kan tó ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Obìnrin kan wá gbé ohùn sókè, mo ní lọ́kàn mi pé Yèyé nìyí, nítorí òun ló ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà ayé ọ̀dọ́ mi. Ìlà àkọ́kọ́ kọjá. Níbi tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ẹni náà sáré mí, bí ọmọ tó ń sá fún òjò, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ní ìkórè ọdún kan tí mo ṣì kéré, ọ̀fìnkìn mú Yèyé, ohùn rẹ̀ há pátápátá. Ó tì mí lẹ́yìn níwájú gbogbo ìjọ pé kí n bọ́ síwájú. Ẹnì kan ń gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì, a sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Èmi ló wà nínú rẹ̀, èmi tí mi ò tíì lọ síbì kankan, tí ń kọrin bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń lu ògiri níbì kankan láyé. *Odò wà níwájú, mi ò mọ bó ti jìn tó. Òkùnkùn wà níwájú, mi ò rí àtẹ́lẹwọ́ mi.* Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tà á kò mọ ẹni tó ni ohùn náà. Mo ronú sí èyí títí tíì mi fi tutù. Ohùn mi wà nílé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Èmi wà níhìn-ín, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ohùn mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè fi Dọ́rísì sílẹ̀ lóun nìkan. Mo ṣàlàyé fún un sínú etí rẹ̀ tó sàn.

“Nínú ilé kọfí?” ni ó wí. “Wàá kọrin níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Bóyá wọ́n á lé wa jáde.”

“Wọn kò tíì lé mi jáde níbì kan rí. Gbé fìlà mi wá.”

Mo tì í kọjá títì. Ilé kọfí ti kún fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Jẹ́nì rí wa, ó sún tábìlì kan fún kẹ̀kẹ́ Dọ́rísì. Ọwọ́ mi tutù tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù kò fi mọ ìka mi mọ́. Káyọ̀dé pè.

“Àǹtí, wọ́n ti gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Ẹnu ọ̀nà náà rèé. Nọ́ọ̀sì ní ká ṣe kíá.”

Mo dìde. Mo wo ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ *Ilẹ̀kùn wà níwájú*, ohùn mi sì jáde tín-ín-rín, kò kọjá eyín mi.

“Mi ò gbọ́,” ni Káyọ̀dé wí.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan,” ni Dọ́rísì náà wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ilé gbọ́. “O ní o fẹ́ kọrin. Kọ ọ́.”

Mo di ojú mi. Mo wá ewúrẹ́ yẹn lẹ́yìn fèrèsé. Mo wá ọwọ́ Yèyé ní ẹ̀yìn mi, bó ti tì mí. Mo la ẹnu mi, mo sì dá orin náà bí a ti ń dá a ní Ọ̀sì. Ẹ̀rọ kọfí dákẹ́. Ariwo àwọn èèyàn dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí ju bó ti bà mí rí lọ, ṣùgbọ́n mi ò dúró. Láti inú fóònù, Káyọ̀dé àti ìyàwó rẹ̀ gbè é, ohùn ìyàwó náà sì dà bí ilẹ̀kùn lóòótọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ Yèyé fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀: *Ìwọ ṣáájú, Olúwa, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.* Mo lé odò. Ó gbè é. Mo lé òkùnkùn. Táyà bẹ́ẹ̀dì ń dún lórí ilẹ̀, ohùn rẹ̀ ń jìnnà, ó ṣì ń gbè é, títí ilẹ̀kùn kan fi pa dé, tí mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Kò sẹ́ni tó lé wa jáde. Ọkùnrin kan ṣí fìlà rẹ̀, ó tún dé e, ó gba kọfí rẹ̀ ó lọ. Jẹ́nì gbé tíì wá sórí tábìlì. Dọ́rísì di apá aṣọ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí mo ń tì í padà sílé. Gbogbo nǹkan tí mo ṣe láàárọ̀ yẹn, mo ṣe é pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Mo jẹ́ kí ọ́ọ̀tì jóná. Mo fi fìlà Dọ́rísì sínú fíríìjì.

Lọ́sàn-án, Dọ́rísì kọ̀ láti sùn kí n lè tètè gbé e padà sí ilé kọfí náà. A ò tíì jókòó tí fóònù fi dún. Mi ò lè gbé e. Dọ́rísì ló tẹ̀ ẹ́.

“Àǹtí,” ni Káyọ̀dé wí. “Wọ́n ti yọ ọ́. Ó ti jí.”

Mo fi orí lé tábìlì. Nígbà tí mo tún lè sọ̀rọ̀, mo béèrè bóyá ó ti sọ nǹkan.

“Ó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹ dá orin náà ga jù. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe é lọ́jọ́ ìkórè, tí gbogbo ìjọ fi ń sáré lé yín kiri.”

Dọ́rísì bi mí pé kí ló wí. Mo fi fóònù sí etí rẹ̀ tó sàn, mo tẹ orin tí mo rà, èmi náà sì tẹ etí tì í láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Òótọ́ ni Yèyé sọ. Ọmọbìnrin yẹn dá a ga jù.